Ewé Jìgìdá Tó Fẹ́ Kú Mọ́ Kíkẹ́lọmọ Lọ́wọ́

Ẹ sún wá, ẹ sún wá! Ẹni tó wà lójúde, kó wọlé. Ẹni tó ń bẹ nídìí ààrò, kó fa ẹní rẹ̀ wá síbí, kó fi ojú kan ṣọ́ ọbẹ̀, kó fi etí méjèèjì gbọ́ mi. Ẹ fún àwọn àgbà láyè kí wọ́n na ẹsẹ̀. Bí mo bá dá orin, ẹ bá mi gbè é, ọ̀fun kan kì í dá ẹrù orin gbé.

Ọ̀rọ̀ ewé kan ni, ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìyàwó kúrò nílé ọkọ ní Ọ̀jọ́ níbí, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí ọbabìnrin Òyìnbó wá sí Èkó.

Kíkẹ́lọmọ lorúkọ ìyàwó náà. Ọmọ Ìbà ni, onítìjú ni, iṣẹ́ kì í sì í sú u. Ọdúnayọ̀ ló fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀jọ́, sí agboolé kan tó kọjú sí ọ̀sà. Ọdúnayọ̀ ń fọ ìkòkò nínú ilé ìdáná ọkọ̀ òkun. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lọ́dún. Ìyá rẹ̀, Àbíkẹ́, ni olórí ilé, nítorí omi ọ̀sà ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ méjì ló kù fún un: Ọdúnayọ̀, àti Ọmọ́wùmí àbúrò rẹ̀, tó ń yan ẹja tà.

Lọ́dún náà, Ọdúnayọ̀ wálé lẹ́ẹ̀rùn. Kò gbé aṣọ wá, kò gbé agogo wá. Agolo mílíìkì ló gbé dání, ewé sì wà nínú agolo.

Ẹ̀yin tèmi, ewé náà ò jọ ewé. Ó nípọn bí ọ̀dúndún, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò ju ẹ̀wà lọ. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, okùn náà sì rọ̀ wálẹ̀ láti ẹnu agolo, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, òmíràn gùn tó apá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí wọ́n bu eérú lé lórí, ẹnu rẹ̀ a sì máa pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá ti bà á.

“Kí la ń pe èyí?” Ìyá bi í.

“Àdàlù ni, Ìyá. Kúùkù ọkọ̀ wa ló fún mi. Ó ní ewé méjì làwọn Òyìnbó so pọ̀ bí ọkọ àti aya. Ọ̀kan ń rọ̀ wálẹ̀, ọ̀kan jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ wọn nìyí. Kì í so èso.”

“Jìgìdá ni!” Ọmọ́wùmí pariwo. “Ẹ wò ó, jìgìdá gidi! Ìyàwó, wá so ó mọ́dìí, kí ọkọ ẹ má lè lọ mọ́!”

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Kíkẹ́lọmọ fi ìborùn bojú. Láti ọjọ́ náà, jìgìdá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n so agolo rẹ̀ kọ́ abẹ́ òrùlé lójúde, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń bà á.

Nígbà tí Ọdúnayọ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fọwọ́ kan àwọn okùn náà. Ó ní, “Ìyá, bí ẹ bá ti ń wo èyí, èmi lẹ̀ ń wò.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó fẹ́ kí ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ ni. Àmọ́ Ìyá ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Omi ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kó gba ọmọ. Láàárọ̀ kùtù, kó tó bójú, á ti dé ìdí ewé, á máa kọrin sí i:

*Jìgìdá mi, ṣé o jí ire?*
*Ọmọ mi lójú òkun, ṣé o jí ire?*
*Bó o bá ń gùn, kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn,*
*Bó o bá tutù, kí ara rẹ̀ tù,*
*Omi tó gbé bàbá ò ní gbé ọmọ.*

Òjò bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan kọjá, lẹ́tà Ọdúnayọ̀ ò dé. Oṣù méjì, kò dé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ohùn Ìyá ti ń gbọ̀n nínú orin.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì pé àbúrò Ìyá ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ìyá di ẹrù lójú ẹsẹ̀. Ó pe ìyàwó.

“Kíkẹ́lọmọ.”

“Ẹ̀n, Ìyá.” Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Mò ń lọ. Ilé ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ, adìyẹ ń bẹ. Bí àṣá bá gbé adìyẹ, mi ò ní bi ọ́. Ṣùgbọ́n jìgìdá yìí, ọwọ́ ẹ ni mo fi ọmọ mi sí o. Bí mo bá dé tí mi ò bá a, mo mọ ohun tí màá gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ìwọ náà sì mọ ọ̀nà Ìbà.”

Bí Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ojú ọ̀sà ló ń wò. Kò wo ewé náà rárá. Kíkẹ́lọmọ rí i, kò bi í. Ta ni yóò bi ìyá ọkọ pé kí ló ń wò?

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde láti gbálẹ̀, ó bá ewé mẹ́rin nílẹ̀ lábẹ́ agolo. Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣa wọ́n, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé wọ́n lè dín. Lọ́jọ́ kẹta, méje já.

“Oòrùn ń pa á,” ó ní. “Ara rẹ̀ ń gbóná.”

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìbà, ewé tó bá ti nípọn, ewé ìtura ni. Ẹ̀bá amù ni wọ́n ń gbin ọ̀dúndún sí, kí omi tó bá ń kán lára ìkòkò lè máa rin ín. Nídìí ibi ìwẹ̀ ni rinrin ń hù. Bí ara ọmọ bá gbóná, ewé tútù ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ Kíkẹ́lọmọ pé ewé kan lè nípọn bẹ́ẹ̀ kó má fẹ́ràn omi. Bó ṣe já agolo kúrò lábẹ́ òrùlé nìyẹn, ó gbé e sẹ́bàá amù nínú ilé, níbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù. Láàárọ̀, ahá omi kan. Nírọ̀lẹ́, ahá omi kan. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi ń bù ú.

Ewé ń já. Ó fi kún omi. Ewé tún já.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́wùmí wọlé wá bu omi mu. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ; Ìdílẹ̀kẹ̀ ni Kíkẹ́lọmọ ń pè é.

“Ìyàwó, jìgìdá ń já kẹ̀!”

“Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ewé a máa wọ́ kí òmíràn tó rú.”

“Ẹn-hẹ́n. Ewé a máa wọ́.” Ọmọ́wùmí fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo agolo. “Èyí tiẹ̀ ń rùn díẹ̀. Ó dáa náà. Tèmi ni pé, lọ́jọ́ tí Ìyá bá dé, Okokomáíkò ni mo wà o. Ẹja ni mo lọ tà. Mi ò sí ńlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Ìyá.”

“Èmi? Ẹnu mi dà tí màá fi sọ ọ́?” Ẹnu náà rèé, ó ń dán fún epo ẹja. Ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò wọ Kíkẹ́lọmọ lọ́fun mọ́. Àwọn ewé tó kù ti ń ṣe bàìbàì bí ojú ẹja tó ti pẹ́ lọ́jà. Bó bá fọwọ́ kàn wọ́n, omi ni wọ́n ń dà. Ìdí okùn méjì ti dúdú. Bí wọ́n bá ké lébùúté pé ọkọ̀ Àgbádárìgì ń bọ̀, á fi ata sílẹ̀ lórí ọlọ, á sáré dé ẹnu ọ̀nà, á na ọrùn. Bó bá padà, á máa lọ ata, á máa kọrin jẹ́jẹ́:

*Ta ló sọ̀ lébùúté? Kì í ṣe Ìyá.*
*Ta ló gbé ẹrù? Kì í ṣe Ìyá.*
*Ọjọ́ ò tíì pé, ẹ jẹ́ ó má pé,*
*Ọkọ mi ńkọ́, ìwọ omi? Omi ò fọhùn.*

Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù kì í ṣe ọ̀nà Ìbà. Ọdúnayọ̀ ni. Ó máa ń wo okùn tó dúdú, á rí ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Á gbọn orí, á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó kúrò níbẹ̀, á tún rí i.

Ó wá pinnu pé òun á lọ sí Ìbà lọ bi ìyá òun, tó mọ ewé. Ó ṣa mẹ́ta tó ṣì dára nínú àwọn tó já, ó so wọ́n mọ́ etí ìró rẹ̀ bí obìnrin ti ń so owó ọjà, ó fi ìró náà kọ́ sórí okùn lókè ààrò de ọ̀la.

Ọ̀la dé, òjò dé. Òjò náà gbé igi afárá tó wà lọ́nà Okokomáíkò lọ. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, odò ò ṣe é là. Bó ṣe di ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ará Igbó-Elérin ti fi igi mìíràn dábùú odò, Kíkẹ́lọmọ fa ìró rẹ̀ wálẹ̀. Ó tú etí rẹ̀ kó wo àwọn ewé náà, bóyá wọn ò tíì gbẹ.

Ó jókòó sílẹ̀ lójijì.

Ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè. Wọ́n ti hunjọ díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já, gbòǹgbò yọ, ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Lára ọ̀kan, ọmọ ewé kékeré ti yọrí, kò ju yànmọ̀tí lọ.

“Ta ló fún yín lómi?” ó bi wọ́n.

Kò sẹ́ni tó fún wọn. Lókè ààrò, nínú èéfín, nínú aṣọ gbígbẹ. Ó bojú wo ẹ̀bá amù, níbi tí agolo tí kò ní ihò nídìí kún dé ẹnu, tó ń rùn.

“Yéè! Èmi ni. Èmi ni mò ń rì í!”

Ó wá rántí àbámodá. Ọmọdé wo ní Ìbà ni kò fi ewé àbámodá há ara ògiri rí, tó fi hù láìsí ilẹ̀, láìsí omi? Kò lọ sí Ìbà mọ́. Ó gbé agolo jáde, ó tú u sílẹ̀. Gbòǹgbò ti di ẹrẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń gé. Ibi tó bá dúdú, ó gé e dànù. Ibi tó bá rọ̀, ó gé e dànù. Nínú okùn mẹ́sàn-án, orí mẹ́rin péré ló kù, kò sí èyí tó gùn ju ìka lọ. Ewé tó ṣì dára tó rí ṣà jẹ́ mọ́kànlélógún.

Ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sàlámì, àgbàlagbà mùsùlùmí tó ń gun àgbọn lẹ́yìn agboolé wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ èèpo àgbọn, èyí tí ẹ là sí méjì.”

“Ìyàwó Ọ̀jọ́! Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹlẹ́mu lo fẹ́ dà nígbà tí ọkọ ò sí ńlé?”

“Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ewé ni mo fẹ́ gbìn sí i. Kò fẹ́ omi lẹ́sẹ̀.”

Bàbá Sàlámì wo ojú rẹ̀, ó dá ẹ̀rín dúró. “Kò fẹ́ omi lẹ́sẹ̀. Ó dáa. Apá ibi tójú wà ni kó o mú. Àgbọn ní ojú mẹ́ta. Méjì fọ́, ọ̀kan ríran. Ki igi bọ èyí tó rọ̀, ibẹ̀ lomi á máa gbà jáde.” Ó ka mọ́kànlá fún un. “Bó bá hù, má gbàgbé mi. Bí kò bá hù, mi ò mọ̀ ọ́ rí o!”

Kíkẹ́lọmọ ò bu yanrìn etí ọ̀sà, nítorí iyọ̀. Yanrìn tí òjò fọ̀ sójú ọ̀nà ló bù, ó fọ́ èédú mọ́ ọn. Ó tẹ́ àwọn orí tó gé sórí àpótí fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bó ti rí kéèyàn rí aláìsàn kó má fún un lómi? Ọwọ́ ń yún un. Ó mú ahá lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ahá náà fún adìyẹ tó ń sàba, ó kó ẹyin rẹ̀ sínú rẹ̀, kí òun má baà rí i mú.

Ó gbìn wọ́n. Ó tò wọ́n sẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn ń bà, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n kí òjò má kàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, omi díẹ̀, bí ẹni fi ìka wọ́n ọn. Kò sí ohun tó yí padà. Kò hù, kò kú. Ìyẹn gan-an ló burú jù.

Ọmọ́wùmí ní tiẹ̀ ti ránṣẹ́. Àwọn ẹlẹ́ja ló gbé ọ̀rọ̀ jìgìdá lọ sí Àgbádárìgì.

Ọ̀sán gangan ni Ìyá dé, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lébùúté. Ó wọ ojúde, ó gbójú sókè sábẹ́ òrùlé. Okùn tí wọ́n fi so agolo ń mì lásán.

“Ọdúnayọ̀ o!” Ìyá ké. “Ọdúnayọ̀ ọmọ mi o! Omi ti gbé e! Ẹ gbà mí o!”

Àwọn aládùúgbò rọ́ jáde. Bàbá Sàlámì sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ọmọ́wùmí tó ní òun á wà ní Okokomáíkò, ìdí ẹja rẹ̀ ló wà, kò lè sá mọ́. Kíkẹ́lọmọ fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ìyá, èmi ni mo pa á. Mo gbé e sẹ́bàá amù. Mo ń bomi sí i bí ọ̀dúndún, ó rà. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá sẹ́yìn ilé.”

Ìyá tẹ̀lé e, ó ń sọkún, gbogbo wọn sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Kíkẹ́lọmọ ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì wò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó di ojú, ó là á.

Èèpo àgbọn mọ́kànlá. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ewé rú: níbí méjì, níbẹ̀ márùn-ún, wọ́n wú bí ọyàn ọmọge, orí wọn pọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn orí mẹ́rin ti na okùn kúrò lẹ́nu èèpo, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kan, ó kan èkejì. Gbogbo wọn ń retí kó ṣépè, àmọ́ ńṣe ló jókòó sílẹ̀.

“Kíkẹ́lọmọ, dìde. Kì í ṣe ìwọ lo pa á.”

“Ìyá?”

“Ó ti ń rà kí n tó lọ. Láàárọ̀ tí mo bá ń kọrin sí i, mo máa ń bomi sí i. Mo ní kí ara ọmọ mi tutù. Mo rí i nígbà tí ìdí rẹ̀ dúdú. Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ àbúrò mi ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo sá lọ pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ kó kú lójú mi. Mo wá gbé e lé ọ lọ́wọ́, kó lè jẹ́ ìwọ ni mo máa bá wí.”

Ọmọ́wùmí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá Sàlámì ló wúkọ́. “Ó dáa náà. Àgbọn tèmi ló wò ó sàn, ẹ má gbàgbé.”

Ìyá rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó fa ìyàwó mọ́ra. “Ó ti di tiwa méjèèjì. A ó jọ máa dúró ni.”

Wọ́n sì dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n jọ ń yọjú sébùúté, wọ́n jọ ń padà. Ìyá ò kọrin láàárọ̀ mọ́. Ẹ̀rù orin ń bà á. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Kíkẹ́lọmọ wà lẹ́yìn ilé, ó ń yí àwọn èèpo sójú oòrùn, ó gbọ́ tẹ́nì kan ń bá adìyẹ jà ní ojúde pé, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ahá sábẹ́ adìyẹ? Kí ni màá fi mu omi?”

Ohùn Ọdúnayọ̀ ni.

Pẹ̀lú igbe ni Ìyá fi sáré jáde. Wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n pa á lápá, wọ́n yí i po. Kò rù, ńṣe ló yọkùn.

“Lẹ́tà dà?” Ìyá bi í. “Oṣù márùn-ún!”

“Ìyá, mo fi rán ará Èkó kan. Kò fún yín?” Ó wo ojú wọn. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Wọ́n sọ fún un. Ó gbọ́ dé ibi tí ewé ti rà, ó di ẹ̀gbẹ́ mú fún ẹ̀rín.

“Lóṣù tẹ́ ẹ ń sunkún yẹn? Ìrẹsì ni mò ń jẹ, èmi àti kúùkù! Mò ń sanra ni o!” Ó wá lá ẹnu. “Kúùkù tiẹ̀ sọ fún mi o. Ó ní ẹ má bomi sí i títí ilẹ̀ rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Mo gbàgbé láti sọ.”

“O gbàgbé?” Ìyá fa igi ìrokà yọ nínú ìkòkò. “Ọdúnayọ̀, o gbàgbé!” Ó lé e yí agboolé ká ní ẹ̀ẹ̀mejì, Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́, Ọmọ́wùmí sì ń ké pé, “Ìyá, ẹ bá mi fún un ní tèmi mọ́ ọn!”

Ọjọ́ náà ni wọ́n rin àgbọn Bàbá Sàlámì, wọ́n fún omi rẹ̀, wọ́n fi se ìrẹsì. Ọmọ́wùmí fúnra rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ wá, ẹyọ kan ò kù nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ló gbé síwájú ìyàwó. Ìyá sì dá orin, gbogbo ilé gbè é:

*Jìgìdá já, jìgìdá pọ̀ sí i,*
*Ewé bọ́ sílẹ̀, ewé di ọmọ,*
*Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀,*
*Ẹ má rì wá lómi ìfẹ́ o, ẹ wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀.*

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Kíkẹ́lọmọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní èèpo àgbọn kan pẹ̀lú ewé nínú. Bàbá Sàlámì ni ó kọ́kọ́ gba tiẹ̀. Títí dòní, bí ẹ bá rìn láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, ẹ ó rí i tó ń rọ̀ lábẹ́ òrùlé ilé àwọn kan.

Ìwọ tí mo ní kó o fi ojú kan ṣọ́ ọbẹ̀, ó ti jinná? Gbé e wá síbí, kí ẹ pín in yípo. Ẹ jẹun kí ẹ tó dìde. Kò sí ẹni tó máa kúrò níwájú mi pẹ̀lú ebi, nítorí àwọn ará inú ìtàn yìí náà, ikùn kíkún àti ọkàn tó ti balẹ̀ ni wọ́n fi lọ sílé.